Ẹ Kan Èèkàn Mọ́lẹ̀ Kí Èrò Tó Dé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Mínísítà Ètò Ìlú ní Àwọn Orílẹ̀-èdè Tó Ń Gòkè Àgbà

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú làálàá. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó wà lórí tábìlì yín kò kéré, mo sì mọ̀ pé owó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń tọrọ. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Okùn, èèkàn àti ìgboyà ni mò ń tọrọ. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mo fi ń jẹun, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kún ẹnu mi ju ọ̀rọ̀ ilé gogoro lọ, ẹ má bínú. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá ń kàn lójoojúmọ́ lojú ń kọ́kọ́ rí.

Ní 1950, àwọn tó ń gbé ìlú ńlá ní gbogbo ayé jẹ́ mílíọ̀nù 751. Ní 2018, wọ́n ti di bílíọ̀nù 4.2. Ìṣirò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lọ́dún náà fi hàn pé nígbà tí 2050 bá fi máa dé, èèyàn bí bílíọ̀nù 2.5 á tún ti kún wọn, àti pé nínú ẹni mẹ́wàá tó bá kún wọn, bí mẹ́sàn-án ló máa wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀. Wọn kò ní kọ̀wé béèrè kí wọ́n tó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò sì tíì bí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹ yéé sapá láti dá wọn dúró, ẹ lọ síwájú lọ dúró dè wọ́n. Kí ojú ọ̀nà, ibi ilé ẹ̀kọ́, ibi ìṣeré àti ojú omi ti wà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú èèkàn kí ilé àkọ́kọ́ tó dìde. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹnìkan nínú yín lè sọ pé, ṣé kò sàn kí wọ́n jókòó sí abúlé wọn ni? Èrò yẹn ti pẹ́ láyé, wọ́n sì ti dán an wò dáadáa. Lọ́dún 1970, gómìnà Jakarta ní Indonéṣíà, Ali Sadikin, kéde pé òun ti ti ìlẹ̀kùn ìlú náà mọ́ àlejò: ẹni tó bá fẹ́ wá gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun níṣẹ́, òun sì níbùgbé. Àwọn èèyàn wọlé. Ẹni tí kò ríwèé gbà wọlé láìníwèé, ó sì lọ kọ́lé síbi tí ìwé ìjọba kò mọ̀. Ṣáínà fi òfin ìforúkọsílẹ̀ ìdílé, èyí tí wọ́n ń pè ní hukou, so aráàlú mọ́ ilẹ̀ ìbí wọn láti 1958. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní etíkun lẹ́yìn 1980, àwọn ará oko ló wá ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí òfin yẹn wá ń ṣe nígbà náà kò ju pé kí ó máa fi àyè ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìtọ́jú ìṣègùn du àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ lọ. Gúúsù Áfíríkà fi ọlọ́pàá àti ìwé àṣẹ dí ẹnu ọ̀nà ìlú mọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n rán ọ̀kẹ́ àìmọye lọ sẹ́wọ̀n, kí wọ́n tó fagi lé òfin náà ní 1986. Ìlú ń dàgbà ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyà ló kàn ń bá a dàgbà.

Àṣìṣe tó tún wà nínú èrò yìí ni pé ó gbà pé àlejò nìkan ló ń mú ìlú tóbi. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, ọmọ tí wọ́n bí sínú ìlú ló ń mú un tóbi ju ẹni tó ti òde wọlé lọ. Ọmọ yẹn kò gba ẹnubodè kankan wọlé. Òun náà á dàgbà, á fẹ́yàwó, á wá ilé.

Ẹni tó sì ti òde wá kì í ṣe òmùgọ̀. Ní 1970 kan náà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, John Harris àti Michael Todaro, ṣàlàyé pé ẹni tó ń fi oko sílẹ̀ kò kàn wo owó oṣù tó wà nílùú, ó tún ń wò ó bóyá iṣẹ́ náà lè bọ́ sí òun lọ́wọ́. Bí ẹ bá dá iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ní olú-ìlú nìkan, èèyàn tó máa dìde wá a lè ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìlú kéékèèké.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Brasília, olú-ìlú Bùràsíìlì, ná. Lúcio Costa ló borí nínú ìdíje ètò ìlú náà ní 1957, Oscar Niemeyer ló ya àwọn ilé ìjọba, Ààrẹ Juscelino Kubitschek sì ṣí i ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1960. Pápá tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ di olú-ìlú láàárín ọdún díẹ̀. Iṣẹ́ akin ni, n kò ní fojú kéré é. Èèyàn 500,000 ni wọ́n fi sọ́kàn. Àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ńkọ́? Àwòrán náà kò yọ̀ǹda ibi tí wọ́n máa sùn sí nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á gba ilé lọ, wọ́n á sì wó àgọ́ wọn. Wọn kò lọ. Ní 1958, ọdún méjì kí wọ́n tó ṣí olú-ìlú, ìjọba ti dá Taguatinga sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Ìlú ẹ̀yìn odi ti wà kí ìlú fúnra rẹ̀ tó wà! Nígbà tó di 1971, wọ́n tún kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé lọ sí ibi tí wọ́n sọ ní Ceilândia. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ yẹn, CEI, ìkékúrú orúkọ ètò kan ni, ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti palẹ̀ àwọn tó kọ́lé láìgbàṣẹ mọ́. Ẹ wo irú orúkọ tí wọ́n fún èèyàn láti máa fi júwe ilé. Lónìí, èrò àgbègbè olú-ìlú náà ti lé ní mílíọ̀nù 2.8 gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2022 ṣe wí, púpọ̀ nínú wọn kò sì sí nínú àwòrán Costa. Ẹni tó ya ilé fún akọ̀wé ìjọba, tí kò ya fún ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì akọ̀wé náà, ìdajì ìlú ló yà.

Ọdún 1971 yẹn náà ni nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Peru, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn iṣẹ́ wa. Ní òpin oṣù kẹrin, àwọn ìdílé kan ya wọ ilẹ̀ kan ní Pamplona, létí Lima. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọlọ́pàá wá lé wọn, ẹ̀mí sì bọ́. Ìjọba Ọ̀gágun Juan Velasco Alvarado kò fẹ́ kí ariwo náà pọ̀ sí i, wọ́n bá kó wọn lọ sí aṣálẹ̀ kan ní gúúsù ìlú. Omi kò sí, iná kò sí, igi kò sí. Yanrìn ni ibi gbogbo. Ohun kan ṣoṣo tí ibẹ̀ ní, tí ọ̀pọ̀ àdúgbò tálákà láyé kò ní, ni ìlà.

Àwọn ayàwòrán ti pín yanrìn náà. Ojúlé 24 ni búlọ́ọ̀kù kan, búlọ́ọ̀kù 16 sì para pọ̀ di ẹgbẹ́ àdúgbò kan. Ní àárín gbùngbùn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ilẹ̀ gbalasa sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, pápá ìṣeré àti ibi ìpàdé. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún títì tó fẹ̀, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn wá fi ẹní koríko pàgọ́ sórí pílọ́ọ̀tì wọn. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn á sọ pé àgọ́ ìyà ni, kò sì ní parọ́. Àmọ́ nígbà tí páìpù omi àti wáyà iná dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí ọ̀nà gbà. Kò sí ilé tí wọ́n ní láti wó. Ẹní koríko di bíríkì, bíríkì di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orúkọ ibẹ̀ ni Villa El Salvador. Ó di àgbègbè ìjọba tó dá dúró ní 1983, ó gba àmì ẹ̀yẹ Prince of Asturias ti Spéìnì ní 1987, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí sì ti súnmọ́ 400,000. Ìṣẹ́ kò tán níbẹ̀ o, ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní párádísè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè dé ẹnu ọ̀nà.

Èyí ni ohun tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mọ̀, tí ayàwòrán ilé lè má tètè kíyè sí: ilé máa ń yí padà, ọ̀nà kì í fẹ́ yí padà. Ilé á jóná, á wó, á ga sókè, ẹlòmíràn á rà á. Ọ̀nà tóóró tí ilé méjì bá ti kọjú síra wọn lórí rẹ̀, ó di kádàrá àdúgbò yẹn. Láti mú un fẹ̀ ní mítà mẹ́ta péré, ẹ máa wó yàrá ènìyàn, ẹ máa san owó gbà-má-bínú, ẹ máa lọ sílé ẹjọ́, ìdìbò á sì dé kí ẹjọ́ tó parí. Àmọ́ ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ oko, ohun tí ọ̀nà yẹn máa ná yín kò ju okùn àti èèkàn lọ.

Báńkì Àgbáyé mọ èyí nígbà kan rí. Láti 1972, bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gà, ó ń yá àwọn ìjọba lówó láti ṣe irú ètò yìí gan-an: ẹ pín ilẹ̀, ẹ fa ọ̀nà, ẹ gbé omi dé, kí onílé máa kọ́ ilé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Dandora ní Nairobi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí 1990 fi máa wọlé, ọwọ́ Báńkì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní pílọ́ọ̀tì ń ṣófo, wọ́n ní ilẹ̀ náà jìnnà sí ibi iṣẹ́, wọ́n ní àwọn tó lówó díẹ̀ lọ́wọ́ ń rà á mọ́ tálákà lọ́wọ́. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí. Àìnísùúrù ló wà nínú ìdájọ́. Ẹni tó gbin ọ̀pẹ, tó sì lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ló fẹ́ rí?

Tanzania ni ẹ̀rí mi. Láàárín 1970 sí 1990, wọ́n ṣe oríṣi iṣẹ́ méjì ní ìlú méje níbẹ̀ lábẹ́ ètò kan náà. Ní àwọn ibì kan, irú bíi Sinza ní Dar es Salaam, wọ́n pín ilẹ̀ kí èrò tó dé. Ní àwọn ibòmíràn, irú bíi Manzese, èrò ti kún, wọ́n kàn wọlé lọ tún ọ̀nà àti omi ṣe. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé padà lọ wo gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Níbi tí èèkàn ti ṣáájú, ilé tóbi jù, ó dára jù, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ilẹ̀ sì níye lórí púpọ̀ ju ti ibi tí àtúnṣe ti tẹ̀ lé èrò. Àwọn tó ń gbé Sinza báyìí rí já jẹ díẹ̀ ju àwọn ti Manzese lọ, mo gbà, ìyẹn sì wà lára àlàyé. Àmọ́ ọ̀nà kan náà ni àwọn náà ṣì ń rìn, ìlà tí wọ́n fà nígbà yẹn.

Kí ẹ má wá rò pé mò ń sọ pé kí ẹ pa àwọn tó ti dé tì, tàbí pé kí ẹ rán katapílà sí wọn. Rárá o. Ní Orangi, àdúgbò kan ní Karachi ní Pakísítánì, láti 1980, Akhtar Hameed Khan àti àwọn èèyàn rẹ̀ ran àwọn onílé lọ́wọ́ láti fi owó ara wọn gbé páìpù ìdọ̀tí sábẹ́ ilẹ̀ ní òpópó tiwọn, òpópó lẹ́yìn òpópó, wọ́n sì fi páìpù ńlá sílẹ̀ fún ìjọba. Jakarta tó ní òun ti ti ìlẹ̀kùn yẹn náà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1969 sí í tún àwọn kampung rẹ̀, ìyẹn àwọn àdúgbò mẹ̀kúnnù, ṣe, tí wọ́n ń fún wọn ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, gọ́tà àti omi láìlé ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àtàtà ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ irú iṣẹ́ yìí títí ayé, pẹ̀lú owó ńlá, bí ẹ kò bá ṣíwájú àdúgbò tó kàn.

Ó wá ku ìbéèrè tí gbogbo yín ń fi bò mí lẹ́nu: ta ló ni ilẹ̀? Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ ra gbogbo oko tó yí ìlú ká, owó ìṣúra kò tó. Bí ó bá sì fi agbára gbà á, àwọn onílẹ̀ á bú ú títí dé ìran kẹrin, wọn kò sì ní jẹ̀bi.

Ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Òfin tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ ti 1976, gbòǹgbò rẹ̀ sì lọ dé òfin Bombay ti 1915. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n kó oko ọ̀pọ̀ onílẹ̀ tó wà lójúkan pọ̀ lórí ìwé bí ẹni pé ti ẹnìkan ni. Wọ́n yọ ọ̀nà kúrò, wọ́n yọ ibi ìṣeré, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi tí ìjọba lè tà láti fi san owó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dá ìyókù padà fún olúkúlùkù ní pílọ́ọ̀tì tó gún régé, nítòsí ibi tí oko rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti àná, ṣùgbọ́n títì ti kàn án, owó rẹ̀ sì ti lọ sókè. Wọ́n á gba díẹ̀ nínú èrè yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n lé kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni Ahmedabad ṣe rí ilẹ̀ fún òpópónà àyípo rẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 76. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Bhuj, ní Gujarat kan náà, ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní 2001, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi tún àárín ìlú náà tò, tí wọ́n sì mú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀. Seoul náà lo irú ètò yìí púpọ̀ nígbà tó ń dàgbà kíákíá. Ó ní àléébù: ó máa ń falẹ̀, iṣẹ́ kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ kankan kì í sì í rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé àìlówó ni kò jẹ́ kí òun fa ọ̀nà.

Owó kúkú wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìjọba bá fa títì dé ibì kan, tàbí tó fọwọ́ sí i pé kí oko di ilé, iye ilẹ̀ ibẹ̀ á lọ sókè lóru ọjọ́ kan, onílẹ̀ kò sì gbé ṣọ́bìrì. Kòlóńbíà ti ní òfin láti 1921 tó ń jẹ́ kí ìjọba gba owó títì lọ́wọ́ àwọn tí títì náà mú ilẹ̀ wọn níye lórí. Òfin mìíràn ti 1997 tún fún ìlú láṣẹ láti gba ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún lára èrè tí ìpinnu ìjọba bá gbé sórí ilẹ̀. Mo mọ̀ pé irú òfin báyìí kì í rọrùn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pàápàá níbi tí àwọn aṣòfin fúnra wọn ti ra oko sí ìhà ibi tí títì ń gbà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Mo ṣèlérí pé màá padà sọ́dọ̀ àwọn ìlú kéékèèké. Láti nǹkan bí ọdún 1955, nígbà tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé François Perroux gbé èrò òpó ìdàgbàsókè jáde, àwọn ìjọba ti ń gbà pé bí a bá gbé ilé-iṣẹ́ ńlá kan kalẹ̀ sí ẹkùn tó tòṣì, ọrọ̀ á máa ṣàn láti ibẹ̀ lọ sí gbogbo àyíká. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé mìíràn, Albert Hirschman, gbà pé bó pẹ́ bó yá, ó máa kán dé ìsàlẹ̀. Kò dá ẹlẹgbẹ́ wọn, Gunnar Myrdal, lójú bẹ́ẹ̀: ó ní ibi tó ti ń dára lè máa fa owó àti ọ̀dọ́ alágbára kúrò níbi tí kò tíì dára, kí olówó máa lówó sí i. Mo ti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ Myrdal ni mo tẹ̀ sí.

Bùràsíìlì dá àjọ SUDENE sílẹ̀ ní 1959 fún ìhà àríwá-ìlà-oòrùn rẹ̀ tí ọ̀dá ń pa, Celso Furtado sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ tó wà ní gúúsù lo apá kan owó orí rẹ̀ láti fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló kún inú rẹ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, àwọn ìlú ńlá etíkun, Recife, Salvador àti Fortaleza, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jókòó sí. Ará oko tí ọ̀dá lù kò rí já jẹ. Ní Fẹnẹsúẹ́là, ní 1961, wọ́n dá Ciudad Guayana sílẹ̀ níbi tí odò Caroní ti wọ Orinoco, pẹ̀lú irin àti iná mànàmáná, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Harvard àti MIT sì bá wọn ṣe ètò rẹ̀. Caracas, olú-ìlú, ni púpọ̀ nínú àwọn elétò jókòó sí, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sí ibi tí wọ́n ń ya. Ilé-iṣẹ́ wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Caroní, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kún San Félix ní ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù á rí i.

Gúúsù Kòríà náà gbìyànjú láti fún Seoul, olú-ìlú rẹ̀, lọ́rùn. Wọ́n fi ìgbànú igbó yí i ká ní 1971, wọ́n ṣe òfin láti dín àgbègbè olú-ìlú kù ní 1982. Ìlú fo ìgbànú náà kọjá, ó lọ dìde lódìkejì rẹ̀, nǹkan bí ìdajì gbogbo ará Gúúsù Kòríà ló sì wà ní àgbègbè Seoul lónìí. Síbẹ̀ Kòríà ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò ṣe: ó sọ Ulsan di ìlú ilé-iṣẹ́ ní 1962, ó fa òpópónà kìlómítà 428 láti Seoul dé Busan ní 1970, àwọn ìlú ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn sì rí nǹkan dì mú. Ìmọ̀ràn tí mo mú níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ kí ará ìlú kékeré dúró, ẹ mú ọ̀nà, iná àti ọjà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ògiri ní ẹnu ọ̀nà olú-ìlú kò dá ẹnikẹ́ni dúró.

Orí wa máa ń yí sí àwọn ìlú abàmì tí èrò wọn lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀, nínú ará ìlú mẹ́jọ láyé, bí ẹnìkan péré ló ń gbé irú ibẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará ìlú tó ń gbé ìlú tí èrò rẹ̀ kò tó 500,000. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ṣoṣo, tí máàpù rẹ̀ ti pẹ́ ju ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ. Ibẹ̀ náà sì ni ilẹ̀ ti pọ̀, tí kò sì tíì wọ́n.

Ethiopia ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Láti 2013, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn olùwádìí Yunifásítì New York, ìlú mẹ́rin, Adama, Bahir Dar, Hawassa àti Mekelle, ya ojú títì ńlá sórí oko tó yí wọn ká fún ọgbọ̀n ọdún iwájú. Títì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 30, nǹkan bí kìlómítà kan ló sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí bọ́ọ̀sì lè gbà á, kí páìpù ńlá lè gbabẹ̀. Wọn kò ya ilé, wọn kò sì sọ ẹni tó máa gbé ibẹ̀. Ìlà títì nìkan ni wọ́n fà. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, kò sì rẹwà lórí ìwé bíi ti Brasília. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe.

Nítorí náà, ẹ mú ìlú kan, kì í ṣe olú-ìlú, èyí tó ń dàgbà kíákíá tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìgbìmọ̀ yín kò dárúkọ rí. Ẹ rán wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bíi mẹ́fà lọ síbẹ̀ fún ọdún kan. Kí wọ́n ya ìlọ́po mẹ́ta ilẹ̀ tí ìlú náà jókòó lé báyìí, kí wọ́n yọ ojú odò àti àbàtà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí i, kí wọ́n kan èèkàn títì. Kí pílọ́ọ̀tì kéré tó kí tálákà lè rà á. Òfin tó ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ti olówó ló ń lé tálákà lọ sí ẹ̀bá odò.

Èèkàn nìkan kò sì tó. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n rán mi lọ fa títì kan tó fẹ̀ ní mítà 30 lórí ilẹ̀ tí koríko nìkan wà. Mo fi kọnkéré ri èèkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ mìíràn gbé mi gba ibẹ̀ kọjá, mo bá ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí títì mi. Inú bí mi, mo ní kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ hàn mí, nítorí mo rò pé ayédèrú ni màá rí. Ojúlówó ni. Ọ́fíìsì tó rán mi lọ fa títì ló fọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan nípa títì; kò sẹ́ni tó fi máàpù hàn án rí. Ó fún mi ní àga kí n jókòó.

Ẹ lẹ máàpù yẹn mọ́ ara ògiri ní ọjà, ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ní ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, kí onírúurú èèyàn lè mọ ibi tí títì ń gbà, kí wọ́n sì lè pariwo lé ẹni tó bá fẹ́ tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Mo ṣì ní àwòrán títì tèmi lọ́wọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti òǹtẹ̀ lórí rẹ̀. Mítà 18 ló kù nínú ọgbọ̀n nígbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ kí a lọ kan èèkàn mìíràn sí ohun tó kù, mo ti ṣe tán.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan